Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìtàn bàbá yín tó ṣe sójà tó tún dàgbẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Gbogbo wa la ti gba ìwé ètò ìsìnkú rí ní Èkìtì, èyí tí wọ́n máa ń pín lábẹ́ kánópì, tí fọ́tò bàbá tòun ti fìlà wà níwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣí inú ẹ̀ ẹ máa rí i pé ìtàn gbogbo àwọn bàbá yẹn bára mu: wọ́n bí i sí ìdílé ire, ó lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun, ó jagun, ó fẹ̀yìn tì, ó ń ṣe àgbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó tán. Ọgbọ̀n ọdún lóko, gbólóhùn kan. Ogun abẹ́lé odindi, gbólóhùn kan. Ohun tó sì fà á ni pé òru ọjọ́ tí ìwé náà fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé làwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ara wọn lórí fóònù pé "ọdún wo gan-an ni Dádì wọ sójà?"

Mo ti jókòó ti àwọn bàbá mélòó kan lórí irú nǹkan báyìí, bàbá tèmi náà wà níbẹ̀, àwọn tó kù jẹ́ bàbá ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, láti Ọ̀yẹ́ gba Ìkọ̀lé títí dé Òmùò. Nǹkan kan ló dá mi lójú jù nínú gbogbo ẹ̀: ẹ má gba ọ̀nà ogun wọlé, ọ̀nà oko ni kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá jókòó sí pálọ̀ tẹ́ ẹ gbé fóònù síwájú ẹni tó ti ṣe sójà tẹ́ ẹ ní "Bàbá, ẹ sọ nípa ogun Biafra fún wa", ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣẹlẹ̀, yálà kó sọ ìtàn kan náà tó ti ń sọ látayébáyé tí gbogbo ilé ti mọ̀ sórí, àbí kó ní "ogun ò da o, ká má rógun" kó wá ní kẹ́ ẹ yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Àmọ́ ẹ tẹ̀ lé e dóko. Ẹ bi í pé ta ló gbin igi obì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré yẹn àti ìgbà wo. Ẹ máa rí i pé ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ọjọ́ orí, kẹ́ ẹ lè mọ irú ogun tẹ́ ẹ ń bá pàdé. Ẹni tó bá lọ Bọ́mà nígbà ogun Hitler, tó bá ṣì wà láyé, á ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí kó ti lé e, nítorí náà ẹ má fi tirẹ̀ dọ̀la. Ẹni tó bá àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) lọ Kóńgò láàárín 1960 sí 1964 á ti tó ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1967 lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, 1949 ni wọ́n bí i. Àwọn ti ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun àjùmọ̀ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n wọ Làìbéríà ní oṣù kẹjọ 1990 tí wọ́n sì tún débi wàhálà Freetown ní oṣù kìíní 1999, àwọn yẹn ṣì lágbára dáadáa, wọ́n ṣì ń kọ ebè fúnra wọn. Ẹ rántí pé àwọn àgbà yìí lè ní ọjọ́ orí méjì o, ti ilé àti ti sójà, torí pé ẹni tí ò tíì tó ọjọ́ orí lè fi kún un kí wọ́n lè gbà á, ẹlòmíì sì yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má bá bàbá jà pé èwo ni òótọ́.

Ti ogun abẹ́lé ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ó sì nídìí. Kógun tó bẹ̀rẹ̀, sójà Nàìjíríà ò ju nǹkan bí 10,000 lọ, nígbà tógun fi máa parí wọ́n ti ń lọ sí 250,000. Níbo ni wọ́n ti rí gbogbo èèyàn yẹn? Oko ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá bàbá wọn ká kòkó, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ módà (Modern School) tí wọn ò ríṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rántí pé àwọn Biafra ti dé Orè ní oṣù kẹjọ 1967, tí Orè ò sì jìnnà sí wa, ẹ máa mọ̀ pé ogun tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò ti wá dé ẹ̀yìnkùlé. Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bọ́gbọ́n mu ò ju "kí lẹ̀ ń ṣe lóko lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀?" lọ. Kì í ṣe "kí ló dé tẹ́ ẹ wọ sójà", ìyẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlàyé bí ìgbà tí wọ́n wà níwájú adájọ́.

Àsìkò tẹ́ ẹ máa lọ bá a ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má lọ nígbà tó ń ronú òjò, tó fẹ́ kí iṣu wọlẹ̀ kíákíá. Èyí tó dáa jù lójú tèmi ni ìgbà kòkó, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá lọ, pàápàá ọjọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó. Gbogbo èèyàn á jókòó yí òkìtì kòkó ká, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ẹnu ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kan, ìyẹn gan-an ni àgbà ọkùnrin fi máa ń sọ ohun tí kò lè sọ ní pálọ̀. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sá a, torí náà ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì máa padà wá, ẹ má fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí kò bá ní kòkó, ìgbà tó ń so iṣu mọ́ ọ̀gbà náà dáa. Ẹ jókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbé iṣu fún un. Ẹni tó dúró tòun ti bàtà funfun ò lè rí nǹkan gbọ́ lẹ́nu àgbẹ̀ Èkìtì o, wọ́n á kàn máa pè yín ní "òyìnbó" ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ bàbá ò ní sọ pé "1971". Wọ́n á ní "lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ta kòkó fúnra mi", "lọ́dún tí ìyá yín lóyún ẹ̀gbọ́n yín". Nítorí náà ẹ wá àwọn nǹkan tí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ máa fi ìtàn rẹ̀ há àárín wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, oṣù kìíní 1955. Wẹ́tíẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, 1965 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ 1966. Ikú Fájuyì, gómìnà ológun ọmọ Adó tó kú pẹ̀lú Ironsi olórí ìjọba, 29 oṣù keje 1966. Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó lójú ogun, oṣù kìíní 1968. Ìparí ogun, 15 oṣù kìíní 1970, òun ló fà á tí wọ́n fi ń rántí àwọn ológun lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí mọ́tò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, 2 oṣù kẹrin 1972, èyí ni kò sí dẹ́rẹ́bà tàbí sójà tó lè gbàgbé ẹ̀. Náírà dé, 1 oṣù kìíní 1973. Owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, 1974 wọ 1975. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976, oṣù kan náà tí wọ́n pa Múrítàlá. Ìjà ìbò gómìnà Oǹdó láàárín Ajáṣin àti Ọmọ́boríowó, oṣù kẹjọ 1983, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Èkìtì níbi tó wà lọ́jọ́ yẹn. Buhari yí owó padà ní 1984. Wọ́n tú bọ́ọ̀dù kòkó ìjọba ká ní 1986, tí gbogbo èèyàn sọ ara ẹ̀ di oníṣòwò kòkó. Wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996.

Ẹ wá wo bí oko ṣe ń bá yín ṣírò. Ká sọ pé bàbá ní "kòkó tó wà lápá odò yẹn, ìgbà tí mo ti ogun dé ni mo gbìn ín, ọdún tí mọ́tò yí sọ́wọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ so". Kòkó máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1972, ẹ bọ́ sí 1967 sí 1969, ogun ò tíì parí nígbà yẹn. Ẹ má sọ pé irọ́ ló ń pa! Ẹ padà lọ bi í bóyá ó gba páàsì wálé nígbà kan, bóyá wọ́n yìnbọn fún un tí wọ́n dá a padà wálé kó lọ tọ́jú ara, tàbí bóyá èèyàn mìíì ló gbìn ín fún un. Ibi tí ọdún ò ti bára mu yẹn gan-an ni ìtàn tẹ́nì kan ò sọ rí máa ń wà. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ó lè jẹ́ pé màmá ló gbìn ín.

Ẹn, ẹ má gbàgbé màmá. Nígbà tí ọkọ wà lójú ogun ta ló ń ro oko? Ta ló san owó àwọn Ẹ̀bìrà tó wá ṣiṣẹ́? Ta ló gba lẹ́tà, ta ló kà á fún un, tíṣà ni àbí kátíkíìsì? Ṣé ẹnì kan wá bá wọn nílé pé ọkọ ti kú nígbà tí kò kú? Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn ṣẹlẹ̀ sáwọn ilé kan o, ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n. Ẹ gbọ́ tẹnu màmá lọ́tọ̀, kí bàbá má sí níbẹ̀, torí tí bàbá bá wà níbẹ̀ màmá á kàn máa ní "bó ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni". Tí màmá bá ti kú, ẹ wá àbúrò bàbá lóbìnrin.

Ìwé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ni àpótí onírin kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ ní kí bàbá ṣí i fúnra ẹ̀. Ìwé dísíṣáàjì tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò níṣẹ́ ológun lẹ̀ ń wá, káàdì pẹ́ńṣọ̀n tó bá ní (àwọn kan gbà á, àwọn kan ò gbà á rárá, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yẹn), mẹ́dáàlì, fọ́tò tí wọ́n yà ní báráàkì, àti nọ́ńbà iṣẹ́ sójà ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í kúrò lórí wọn, ẹni tí ò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ ẹ̀ mọ́ á ka nọ́ńbà ẹ̀ láìkọsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà méjì tó ṣáájú NA ni ọdún tó wọṣẹ́, ìyẹn ni pé 67NA, ọdún 1967 ni. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé yẹn níbi tí oòrùn ti mọ́ tí kò ràn tààrà, iwájú àti ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn fọ́tò ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ sí. Bẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀ náà, ẹ wo orúkọ ẹni tó fi ṣe nẹ́sítì ọ́f kín lọ́dọ̀ Military Pensions Board, kẹ́ ẹ wò ó bóyá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ bá ti káàdì ìdánimọ̀ ẹni náà mu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo fi ń sọ èyí, àmọ́ lẹ́tà kan péré tó yàtọ̀ lè mú kí opó máa lọ máa bọ̀ ní Àbújá.

Ó wá kan ogun fúnra ẹ̀. Tó bá ti sọ̀rọ̀ oko débi tó fi kúrò nílé, òun fúnra ẹ̀ á wọ inú ẹ̀, ẹ má tì í. Ẹ bi í ní ohun tọ́wọ́ ń kàn: kí lẹ jẹ, ibo lẹ sùn, bàtà wo lẹ wọ̀, ta lẹ jọ ń jẹun, èdè wo lẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ (Háúsá báráàkì ni ọ̀pọ̀ wọn á sọ, wọ́n á sì fi ẹ̀ bú yín díẹ̀), iṣu àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́, báwo ni ilẹ̀ wọn ṣe rí. Àgbẹ̀ ni o, kò sílùú tó dé tí kò wo ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá kan sọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe tóbi lápá ibi kan nílẹ̀ Ìgbò fún mi fún bí ìdajì wákàtí, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ yẹn.

Ẹ má bi í pé èèyàn mélòó ló pa. Láéláé. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé tẹ́ ẹ bá mú dání, torí àwọn ni wọ́n máa ń béèrè ẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá dìde lọ wo ewúrẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ, ọ̀rọ̀ tọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Ẹ tún mọ̀ pé ìró ìbọn ti ba etí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́, torí náà ẹ béèrè etí tó ń gbọ́ dáadáa kẹ́ ẹ jókòó sápá ibẹ̀. Bó bá ń sùn, ẹ má fọwọ́ kàn án láti jí i, ẹ dúró lápá ẹsẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yìí ni kò sùn dáadáa mọ́, tó ń pariwo lójú oorun, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìwé ò tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ da àgbàlagbà láàmú.

Tó bá ti sọ orúkọ ìlú, ẹ lè fi yẹ ọdún wò. Díífíṣọ̀n kìíní (ẹ̀ka ńlá kan nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà) ló gba apá Nsukka wọlé ní oṣù keje 1967 tí wọ́n sì gba Enugu ní oṣù kẹwàá. Díífíṣọ̀n kejì ti Múrítàlá ló lé àwọn Biafra kúrò ní Bìní ní oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n wá ń gbìyànjú láti sọdá odò lọ Onitsha, kò bọ́ sí i títí di oṣù kẹta 1968. Maríìnì Kòmáńdò, ìyẹn díífíṣọ̀n kẹta, ti Benjamin Adékúnlé, ojú omi ni wọ́n gbà: Bonny, Calabar, Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968, kí Ọbásanjọ́ tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1969. Torí náà bàbá tó ní "Adékúnlé ló ń pàṣẹ fún wa" tó tún ní omi lòun kọ́kọ́ rí, ẹ ti mọ ibi tó wà. Èyí tó ní wọ́n há àwọn mọ́ Owerri, tí ebi fẹ́ẹ̀ pa wọ́n kú, ìparí 1968 sí oṣù kẹrin 1969 nìyẹn. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò o! Ẹ kàn lo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ láti béèrè ohun tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì sọ ohun tí kò bá ìwé mu, ẹ kọ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ohun tí ìwé sọ sí ẹ̀gbẹ́. Láǹsì kọ́púrà tó wà nínú kòtò ò rí ohun tí jẹ́nẹ́rà rí, ohun tó rí náà, jẹ́nẹ́rà ò rí i.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó láti gba ohùn. Ẹ fi sí fláìtì mòódù kí ìpè má bàa já a, ẹ fi sínú àpò àyà aṣọ bàbá, torí atẹ́gùn oko á gbé ohùn lọ tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí Google Drive tàbí síméèlì ẹlòmíì, fóònù lè bọ́ sódò lọ́la. Tó bá ní "ulé", tó ní "uṣu", bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kí àwọn ọmọ yín tí wọ́n wà ní Èkó àti Canada lè gbọ́ ohùn bàbá nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba ìṣọ́ra, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń rìn káàkiri oko pẹ̀lú ẹ̀, ó máa fi ààlà hàn yín, ibi tí pérégún wà, igi tí wọ́n fi ṣàmì. Lẹ́ẹ̀kan náà ó lè sọ pé nígbà tóun wà lójú ogun ni àbúrò òun gba apá ibẹ̀ yẹn. Ẹ gbà á sílẹ̀, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú èyí tẹ́ ẹ máa pín fún ẹbí. Ẹ fi sínú fáìlì mìíì. Ìwé ìtàn tó bá wá di ìwé ẹ̀rí ní kóòtù, kò ní sẹ́ni tó tún máa kà á fún adùn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ jáde, ẹ má pín in sí "iṣẹ́ ológun" àti "ìgbà ìfẹ̀yìntì" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bíi pé oko jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dúró de ikú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀: ta ló kọ́kọ́ gbé oko yẹn kalẹ̀, kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ìgbà wo ni kòkó dé, ìgbà wo ni bàbá kúrò níbẹ̀, ta ló dúró níbẹ̀, kí ló bá nígbà tó dé. Ìjókòó ọ̀sán kan ò tó fún ibi tó dé yìí. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé ohun tó le jù kì í ṣe ogun, àkọ́kọ́ ọdún tí wọ́n padà ni: ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín Gámálìn, oògùn kòkòrò, sí kòkó dà bí nǹkan mìíì létí wọn, igbó tó dákẹ́ ń bà wọ́n lẹ́rù, ọwọ́ wọn ti gbàgbé ọkọ́. Ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ bá a dóko lọ́dún yẹn. Bí ìdílé yín bá ní ìtàn tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi bàbá ńlá tó bá Fábùnmi ja ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà (1877 sí 1886), ẹ fi sí iwájú, àgbẹ̀ làwọn yẹn náà. Ẹni tó fẹ́ wá ìwé ayé òyìnbó nípa ìlú ẹ̀, Ibi Ìkówèépamọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kó mú sùúrù àti ìdánimọ̀ dání.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ bá a lóko, kí ẹni tí ohùn ẹ̀ mọ́ kà á sókè fún un ní Yorùbá, kó jókòó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ má jà fún un, kódà tó bá jẹ́ ibi tó dáa jù nínú ẹ̀. Ó sì lè fi nǹkan kún un lójú ẹsẹ̀, torí náà kí fóònù wà ní títàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ ìka sí i, kẹ́ ẹ ṣe fọ́tókọ́pì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n àgbà nílé, ọ̀kan fún ẹni tó wà lókè òkun, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ, kẹ́ ẹ di tirẹ̀ sínú náílọ́nù kó tó wọnú àpótí, nítorí ikán.